Ìdánwò Kẹ̀kẹ́ Bàbá Durk Lọ́jọ́ Tí Wọ́n Dá Aago Padà

Aago ara ṣọ́ọ̀ṣì abúlé Jellewier lù lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó ń lù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Adití gbọ́ ọ, pẹ́pẹ́yẹ inú kòtò omi gbọ́ ọ. Bí ó ti lù ú tán gan-an ni Tíṣà Baukje bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí ara rẹ̀.

"Aago mẹ́rin gééré," ni ó wí. "Ẹ rí i pé n kì í pẹ́ dé, Bàbá Durk."

Bàbá Durk gbójú sókè wo aago. Ó wo Tíṣà. Ó ti tó wákàtí kan tó ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ aago yìí, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fara ti igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọfí inú fúláàsì ti tán. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ bọ̀ láti orí òkun lọ́jọ́ náà le débi pé ère òkúta tó wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ti ká apá mọ́ra.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá ni, ọjọ́ tí gbogbo ilé ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, kí òwúrọ̀ ìgbà òtútù lè tètè mọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fún òwúrọ̀, lára ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ti bù ú. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ojú ọ̀nà ni òkùnkùn yóò ti máa pàdé ẹni tó bá ń lọ sílé.

Òkùnkùn yìí náà ló gbé Bàbá Durk dé orí bẹ́ǹṣì. Lọ́dún tó kọjá, ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá aago padà, ó ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ Sjoukje, ìyàwó rẹ̀, tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ní abúlé kejì. Ibi tí ilẹ̀ ṣì mọ́ kedere ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, òkùnkùn ló bá níbẹ̀, àgùntàn dúdú kan sì dúró sí àárín òkùnkùn náà. Wọ́n kọlu ara wọn. Àgùntàn dìde, ó gbọn ara, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá Durk lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn. Àwọn aládùúgbò ní ojoojúmọ́ ni àgùntàn náà ń wá yọjú sí i láti ojú fèrèsé.

Hiske, ọmọ rẹ̀ obìnrin, kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní lọ́dún yìí, bàbá òun gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kẹ̀kẹ́ tí Tíṣà Baukje máa ń ṣe fún àwọn àgbà. Àmì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni wọ́n fi ń yege. Bí kò bá yege, alẹ́ ọjọ́ ìdánwò náà ni òun ó wá gbé kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé òun nígboro, ó sì di ìgbà tí òdòdó bá yọ. Ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí abúlé kejì kì í ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Sjoukje kì í sì í mu kọfí aago mẹ́wàá àárọ̀ àfi bí ó bá jẹ́ pé Durk ló bá a rò ó. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ló ti ń bá a rò ó.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Tíṣà," ni Bàbá Durk wí. "Ọkàn mi ti ń lọ sókè sódò pé bóyá nǹkan ṣe yín lọ́nà. Láti aago mẹ́rin ni mo ti wà níbí."

"Aago mẹ́rin la wà yìí."

"Márùn-ún ló lù yẹn."

Tíṣà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé kó tó fẹ̀yìntì, ẹ̀rín tó sì fi ń kọ́ wọn náà ló ṣì ń rín. Ó yọ pátákó ìkọ̀wé rẹ̀ jáde, ó fi kálàmù há etí, ó wá jókòó tì í.

"Bàbá Durk, ẹ má bínú sí mi. Ta ló ń bá yín yí aago ilé?"

"Èmi fúnra mi."

"Lánàá, kí ẹ tó sùn, ṣé ẹ rántí yí i?"

"Mo yí i. Ti ilé ìdáná, ti pálọ̀, ti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn."

"Ṣé ẹ̀yìn lẹ yí i sí, àbí iwájú?"

"Ẹ̀yìn ni."

"Ó dá yín lójú?"

Ó dá a lójú nígbà tó ń jáde nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Tíṣà gbà bi í, tó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó sì rọ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ó mú kí ọwọ́ tó fi yí aago lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í rú u lójú. Ó gbé ọwọ́ náà wò. Tíṣà yọ kálàmù létí, ó kọ nǹkan. Bàbá Durk na ọrùn wò ó. Ohun tí Tíṣà kọ ni pé: kò mọ àkókò, yọ ọ̀kan.

"Tíṣà, a kò tíì gun kẹ̀kẹ́ kankan."

"Ìgbà tí mo kí yín ni ìdánwò ti bẹ̀rẹ̀. Ó ku mẹ́sàn-án."

Bàbá Durk na ìka sí aago ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ṣé aago gbogbo ìlú náà ni kò mọ àkókò? Tíṣà ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó ní Gosse tó ń tọ́jú aago náà, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá òun ni, òun sì mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti ń wọ ìlédìí. Orúnkún ń dùn ún, àkàbà ibẹ̀ sì ga, nítorí náà kò tíì gun òkè lọ yí i.

"Ṣùgbọ́n òwúrọ̀ yìí," ni Bàbá Durk wí, "gbogbo wa la pé sí ìsìn. Agogo lù, a wọlé, a jókòó."

"Ta ló lu agogo?"

"Gosse ni."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Gosse ti gbàgbé, ó sì kó gbogbo yín jọ ní wákàtí kan ṣáájú."

"Pásítọ̀ ńkọ́?"

"Pásítọ̀ ń gbé ní abẹ́ agogo Gosse. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí ojú mi rí fún yín. Èmi àti Ids ọkọ mi, aago mẹ́wàá gééré la dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, bí a ti ń dé e láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra. A ṣílẹ̀kùn. Orin ìparí lẹ ń kọ. Mo yíjú sí Ids, mo ní, wò wọ́n, gbogbo ìlú ló gbàgbé aago. Àánú yín ṣe mí. A rọra tilẹ̀kùn, a padà sílé."

Bàbá Durk rántí pé òun gbọ́ ìró ilẹ̀kùn nígbà orin ìparí lóòótọ́. Ó rántí pé pásítọ̀ gbójú sókè. Ọ̀rọ̀ Tíṣà ń tò tẹ̀léra bí táìlì, kò sí ibi tí èèyàn lè ki ọ̀bẹ bọ̀.

Ní òdìkejì kòtò omi, àwọn màlúù Wytse, àgbẹ̀ kan ládùúgbò, ti ń tò lọ sí ilé ìfúnwàrà, wọ́n ń mi ọmú wọn tó wúwo. Ara Bàbá Durk yá. Ogójì ọdún ló fi sin màlúù.

"Tíṣà, ẹ wo ọ̀ún. Aago márùn-ún ni màlúù Wytse máa ń wọlé."

"Ta ló sọ fún màlúù Wytse pé wọ́n ti dá aago padà?"

Bàbá Durk mọ ti màlúù. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù ú lọ. Ní gbogbo ogójì ọdún yẹn, lọ́dọọdún, bí wọ́n bá ti dá aago padà, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni màlúù rẹ̀ fi ń dé ẹnu ilẹ̀kùn ní wákàtí kan ṣáájú, tí wọ́n á máa ké, tí wọ́n á máa wò ó bí ẹni tó jalè. Ó ku ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Ó na ìka sí ìwọ̀-oòrùn.

"Oòrùn ńkọ́?"

Oòrùn ti jókòó sórí ògiri ilẹ̀ tí wọ́n fi dí òkun, ìdajì rẹ̀ ti wọlé. Tíṣà gbé ọwọ́ bo iwájú orí, ó wò ó fínnífínní, bí ẹni tó fẹ́ fún un ní àmì.

"Kùrukùru ni," ló wí. "Ó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀."

Ibẹ̀ ni Bàbá Durk ti bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bí òun bá tẹnu mọ́ ọn pé aago márùn-ún ni, obìnrin yìí á kọ ọ́ pé ọpọlọ òun ti ń ṣáko, Hiske á sì ti mọ́tò dé kí òun tó mu ọbẹ̀ alẹ́. Bí òun bá gbà pé mẹ́rin ni, òkùnkùn á ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n òkùnkùn kò tíì gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí.

"Aago mẹ́rin ni, Tíṣà," ló wí. "Ojú ló ń ṣe mí bàìbàì."

"Ẹ ṣeun. Kí àgbàlagbà gba àṣìṣe rẹ̀, ohun iyì ni. N kò ní í fún yín ní àmì lé e, ṣùgbọ́n ohun iyì ni."

Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ kẹ̀kẹ́ wò, ẹnu rẹ̀ kò sì dákẹ́. Ó ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá dá aago padà ni ọ̀sẹ̀ tó léwu jù fún oníkẹ̀kẹ́, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ló gbé e jáde, òun sì gé e lẹ̀ mọ́ ara fíríìjì. Ó ní àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ oorun lásán ni. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oorun. Ojú àwọn awakọ̀ ló ṣì wà ní àkókò àtijọ́, wọn kò retí òkùnkùn, òkùnkùn sì dé. Bàbá Durk ní ó yé òun dáadáa, ojú àgùntàn náà wà ní àkókò àtijọ́.

"Àǹfààní rẹ̀ náà sì wà," ni Tíṣà wí. "Wákàtí kan ni wọ́n fún wa lófẹ̀ẹ́ lóru àná. Kí lẹ fi tiyín ṣe?"

"Mo jí nígbà tí mo máa ń jí. Mo jókòó, mo ń wo ògiri fún wákàtí kan. Lẹ́yìn náà, ó di ìgbà tí mo máa ń jí."

Tíṣà kò kọ èyí sílẹ̀. Ó fún bíréèkì, ó dára. Ó tẹ táyà, ó le. Ó ta aago ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó dún débi pé màlúù méjì dúró. Ó wá kan iná. Dínámò àtijọ́ ni, ìgò irin kékeré kan tí wọ́n ń sún mọ́ ara táyà iwájú, tó jẹ́ pé bí táyà bá ń yí ni iná ń tàn, bí ó bá dúró, iná kú.

"Irú èyí ṣì wà láyé?"

"Ó wà. Èmi náà wà." Bàbá Durk wo kẹ̀kẹ́ Tíṣà láti iwájú dé ẹ̀yìn. "Iná tiyín dà?"

"Ó ń bẹ lórí tábìlì nílé, ó ń gba iná mọ̀nàmọ́ná sára. Nílé wa, ọjọ́ Ajé lẹ́yìn tí wọ́n bá dá aago padà la máa ń so iná ìgbà òtútù mọ́ kẹ̀kẹ́, kì í ṣe ọjọ́ kan ṣáájú. Ta ló nílò iná láago mẹ́rin?"

Bàbá Durk bẹ̀rẹ̀. Ó sún dínámò mọ́ táyà, ó gun kẹ̀kẹ́, iná sì là. Kò tíì wa pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tó fi gbọ́ ìró kálàmù lẹ́yìn rẹ̀.

"Ó tan iná ní ọ̀sán gangan," ni Tíṣà ń kà á bó ti ń kọ ọ́. "Ó ku mẹ́jọ."

Wọ́n gba ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gba àárín pápá kọjá, Bàbá Durk níwájú, Tíṣà lẹ́yìn. Ọ̀nà náà gùn, ó sì tẹ́jú débi pé bí èèyàn bá sín ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹni tó wà ní òpin á ní kó pẹ̀lẹ́. Kòtò omi wà lápá ọ̀tún, kòtò omi wà lápá òsì. Tíṣà ń pàṣẹ láti ẹ̀yìn: ẹ rìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ wẹ̀yìn, ẹ má ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Bàbá Durk ń ṣe é, ó ń ṣe é dáadáa, nítorí láti ọmọ ọdún mẹ́rin ló ti wà lórí kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ ń ṣú. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án. Ní oríta àkọ́kọ́, ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó yà.

"Bàbá Durk, ẹ yà láìna ọwọ́."

"Mo na ọwọ́."

"N kò rí i."

"Èmi náà kò rí i, Tíṣà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni ọwọ́, mo mọ̀ pé mo nà án."

Tíṣà dúró, ó bọ́ awò ojú, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún un wọ̀. Ó ní ìkùukùu ti bà á. Ó kọ àmì kan dànù. Ibi tó kọ ọ́ sí, ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ ni, ìwé wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ṣùgbọ́n kò rí i.

"Ó ku méje. Ẹ jẹ́ n bi yín ní ìbéèrè tó kàn yín. Bí ẹ bá rí àgùntàn lójú ọ̀nà nínú òkùnkùn, kí lẹ máa ṣe?"

Bàbá Durk ronú sí i tọkàntọkàn.

"Bí mo bá rí i, kò sí ìjà. Èyí tí n kò rí ló bá mi jà."

"Ìdáhùn yẹn kò sí nínú ìwé."

"Àgùntàn náà kò sí nínú ìwé, Tíṣà."

"Ó ku mẹ́fà," ni Tíṣà wí.

Bàbá Durk fi ìka kà á. Mẹ́fà gééré ló kù, kò sí èyí tó lè bọ́ mọ́. Ó béèrè iye ìdánwò tó kù. Tíṣà ní ó ku ẹyọ kan, kọ́nà ẹnu afárá, ibi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ sí òsì lójijì kó tó kọjá omi. Ó ní ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ti máa ń ṣìnà, torí náà òun á lọ níwájú láti fi hàn án.

"Ẹ máa wo ẹ̀yìn mi," ló wí. "Ohun tí ẹ bá rí tí mo ṣe ni kí ẹ ṣe. Ẹ má fi nǹkan kan kún un, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò. Bí ẹ bá ṣe ohun mìíràn, mo yọ ọ̀kan."

"Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe?"

"Pátápátá."

Tíṣà wa kẹ̀kẹ́ kọjá lára rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ gún bí igi tẹlifóònù. Iná Bàbá Durk tàn mọ́ ọn fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó jìnnà sí iná. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù. Ohùn náà ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń dín eré kù. Ó ń ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń wo òsì. Kò ṣẹ́ sí òsì. Ó lọ tààrà. Nǹkan ya nínú koríko, pẹ́pẹ́yẹ bí ogún fò dìde, wọ́n sì ń sọ ohun tí a kò lè kọ síwèé. Omi dún gbìì. Ohùn dákẹ́.

Bàbá Durk bọ́ sílẹ̀. Bí táyà ti dúró ni iná kú.

"Tíṣà?"

"Mo wà níbí." Láti ìsàlẹ̀ ni.

"Ṣé ẹ ṣèṣe?"

"Rárá. Ó dé mi níbàdí. Ó tutù."

Bàbá Durk dúró sí bèbè kòtò. Ó ro ti omi náà, tí òtútù rẹ̀ lè pa eyín lẹ́nu èèyàn. Ó ro ti kọfí aago mẹ́wàá. Ó ro ti Sjoukje tí yóò jókòó ti ife títí kọfí yóò fi tutù. Ó mí kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn bàtà.

"Tíṣà, ẹ sún díẹ̀. Mo ń bọ̀."

"Ẹ ń bọ̀ wá ṣe kí ni?"

"Ẹ ní ohun tí ẹ bá ṣe ni kí n ṣe."

"Bàbá Durk, ẹ má wọ inú omi yìí."

"Mẹ́fà ló kù sí mi lọ́wọ́. Bí mo bá yẹsẹ̀, ó di márùn-ún."

"Ìdánwò ti dúró."

"Orí mélòó ló dúró sí?"

Eyín ń gbá ara wọn nínú òkùnkùn náà.

"Mẹ́fà."

Bàbá Durk so okùn bàtà rẹ̀ padà. Ó wá gbé iwájú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sókè, ó gbé e lé itan, ó sì ń fi ọwọ́ yí táyà, yíyí bí ẹni tó ń lọ ata. Dínámò ké, iná là, ó sì rí Tíṣà kedere. Ewéko omi dé e lórí bí fìlà. Pátákó ìkọ̀wé wà lábẹ́ apá rẹ̀, kò sọ ọ́ nù. Pẹ́pẹ́yẹ kan ti padà, ó dúró tì í.

"Aago mélòó lẹ rò pé ó lù, Tíṣà?" Bàbá Durk rọra béèrè.

Tíṣà wo ọ̀run, kò rí i. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ nínú iná. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé ó ku díẹ̀ kó lu márùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹnu rẹ̀ rọ̀. Ó ní òun yí aago ilé lálẹ́ àná, òun rántí, òun gun àga. Nígbà tí òun jí láàárọ̀, òun fi aago ara ògiri tún ti ọwọ́ òun ṣe. Ids ọkọ òun kì í fọwọ́ kan nǹkan kan nínú ilé, ọdún méjìlélọ́gbọ̀n nìyí.

"Kò sọ nǹkan kan fún yín láàárọ̀?"

"Ó sọ pé, 'Baukje, mo ti bá ẹ ṣe é o.' Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

"Kí lẹ rò pé ó bá yín ṣe?"

"Ẹyin," ni Tíṣà wí. "Mo rò pé ẹyin ló sè."

"Ṣé ó sè é?"

"Kò sí ẹyin kankan."

Ó yé Bàbá Durk pé Ids ti yí aago náà lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín sì gbé e débi pé ọwọ́ rẹ̀ fi táyà sílẹ̀. Òkùnkùn bo gbogbo wọn, òun, Tíṣà, àti pẹ́pẹ́yẹ. Nígbà tó tún yí i tí iná là, Tíṣà wà ní ibi tó wà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti yí padà. Ojú òfin ló gbé wọ̀.

"Bàbá Durk, n kò ní í tàn yín. Ojúmọmọ ni ìlànà wa ní kí ìdánwò yìí ti wáyé. Inú òkùnkùn la ti ṣe é. Kò kà. Ẹ máa tún un ṣe ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni Hiske ń bọ̀. Mọ́tò rẹ̀ lè ti wà lójú ọ̀nà. Bàbá Durk kò bínú, kò sì gbé ohùn sókè. Ọwọ́ rẹ̀ kàn ń rọra yí táyà díẹ̀díẹ̀, iná ń pọ́n, iná ń relẹ̀, iná kú.

"Bàbá Durk?"

"Mo wà níbí."

"Iná ńkọ́?"

"Ọwọ́ ló ń ro mí, ọmọ mi. Mo ti di àgbà, o sì mọ̀ pé láti aago mẹ́rin ni mo ti wà níta. Mo lè sinmi títí di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn. Nǹkan kan kọjá lára ẹsẹ̀ Tíṣà nísàlẹ̀ omi. Ẹja ni o, ṣùgbọ́n òun kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ ti yege," ni ó wí kíá.

Táyà yí. Iná là yàà. Bàbá Durk ju ìborùn rẹ̀ gígùn sí i, ó di í mú, ó sì fà á gòkè pẹ̀lú agbára tó fi ń fa ọmọ màlúù jáde nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń rọbí. Ó bọ́ kóòtù tirẹ̀ fún un. Kẹ̀kẹ́ Tíṣà náà gòkè, ewéko wé mọ́ ọn lára, kò sì sí iná kan níbi kankan lára rẹ̀. Ó wá di dandan kí Tíṣà tẹ̀lé e lẹ́yìn délé, kó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀, kó má fi nǹkan kan kún un, kó má yọ nǹkan kan kúrò.

Ṣùgbọ́n Bàbá Durk kò tíì gun kẹ̀kẹ́. Ó ní kí wọ́n kọ ìwé náà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, ó sì tún gbé táyà lé itan láti fún un níná. Tíṣà tẹ́ ìwé tútù náà sórí gàárì. Ìwé kíkọ rẹ̀ ṣì dúró bí ti ojú pátákó kíláàsì. Ó gbójú sókè, ọkàn rẹ̀ sì ti rọ̀ pátápátá.

"Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́, Bàbá Durk. N kò tíì fún ẹnikẹ́ni nírú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni mo fẹ́ fún yín."

"Rárá o, kọ mẹ́fà," ni Bàbá Durk wí, ó sì ń yí táyà lọ. "Bí o bá kọ mẹ́wàá, Hiske á ní èmi ni mo tì ọ́ sínú omi."